Bàbá Tó Fi Ohùn Bo Àwọ̀ Mọ́lẹ̀: Àgbéyẹ̀wò Ìwé "Down These Mean Streets" tí Piri Thomas Kọ

Ẹ̀yin ará, ìwé tí mo fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀ lé lórí lọ́tẹ̀ yìí kì í ṣe ìwé tuntun. Ọdún 1967 ló jáde ní New York, ẹni tó kọ ọ́ sì ti kú láti ọdún 2011. Kì í ṣe ìwé àdúrà, kì í sì í ṣe ìwé tí ẹ máa gbé lé ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ Ọjọ́ Ìsinmi lọ́wọ́. Èébú pọ̀ nínú rẹ̀, ìjà pọ̀, oògùn olóró náà pọ̀. Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ kan wà nínú rẹ̀ tó kan ọ̀pọ̀ ilé nínú ìjọ yìí, pàápàá ilé tí ọmọ wọn ti kọjá sí Amẹ́ríkà tàbí tó ń tọ́jú ìwé ìrìnnà lọ́wọ́. Ọ̀rọ̀ náà nìyí: ẹni tí àwọ̀ rẹ̀ dúdú, ṣùgbọ́n tí èdè ẹnu rẹ̀, oúnjẹ ilé rẹ̀ àti orin ìyá rẹ̀ kò jọ ti àwọn dúdú tó kù ládùúgbò, ta ni ká pè é? Ṣé àwọ̀ la ó fi mọ̀ ọ́n ni, àbí ẹ̀yà?

Ẹ lè sọ pé kí ló kàn wá nínú ìyẹn. Nílẹ̀ wa níbí, gbogbo wa la dúdú, kò sẹ́ni tó ń fi àwọ̀ yan ara wa sọ́tọ̀. Tí Yorùbá bá rí ọmọ tó dúdú tó ń dán, a ní adúmáadán; tó bá rí èyí tó pupa, a ní apọ́nbéporẹ́. Oríkì ni méjèèjì. Ohun tí wọ́n máa ń bi àwa tí a ń gbé Òkè Ọya ni pé, "Ìpínlẹ̀ wo lẹ ti wá?" Bí ìwé bá délẹ̀ láti kọ, àyè kan ń bẹ níbẹ̀ tí wọ́n ti máa béèrè ìpínlẹ̀ baba ẹni, kódà bó jẹ́ pé níhìn-ín ni wọ́n bí ẹ̀yin àti baba yín sí. Ẹ̀yà la mọ̀. A ò mọ àwọ̀. Òun gan-an ló jẹ́ kí ìwé yìí wúlò fún wa, nítorí ìtàn àwọn tí nǹkan méjèèjì jọ dì mọ́ lára ni.

Ẹ gbọ́ ìtàn díẹ̀ ná, kí ìwé náà lè yé yín. Nínú nǹkan bí 12.5 mílíọ̀nù ènìyàn tí wọ́n kó sínú ọkọ̀ ojú omi láti Áfíríkà nígbà òwò ẹrú, àwọn tó gúnlẹ̀ sí ilẹ̀ tó di Amẹ́ríkà lónìí kò tó 400,000. Bràsíìlì nìkan gba tó mílíọ̀nù márùn-ún. Kúbà, erékùṣù kékeré, gba iye tó lé ní 700,000. Àwọn tó ń sọ èdè wa wà nínú àwọn tó dé Kúbà. Lucumí ni wọ́n ń pè wọ́n níbẹ̀. Puerto Rico fòpin sí oko ẹrú ní 1873, Kúbà ní 1886, Bràsíìlì ní 1888. Nítorí náà, bí a bá ń sọ̀rọ̀ àwọn ìran Áfíríkà tó wà lókè òkun, àwọn tó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì kọ́ ló pọ̀ jù. Àwọn tó ń sọ èdè Sípáníìṣì àti Pọtogí ló pọ̀ jù. Àwọn ni wọ́n ń pè ní Afro-Latino lónìí: ìran Áfíríkà ni wọ́n, ọmọ ilẹ̀ Látìn ni wọ́n, wọn kì í sì í fi ọ̀kan sílẹ̀ kí wọ́n tó jẹ́ èkejì.

Ibi tí wàhálà ti bẹ̀rẹ̀ ni pé ọ̀nà tí ilẹ̀ kọ̀ọ̀kan ń gbà ka àwọ̀ yàtọ̀ síra. Ní Amẹ́ríkà, bí ẹ̀jẹ̀ dúdú bá ti kán sára ènìyàn, dúdú ni títí ayé. Ìpínlẹ̀ Virginia tiẹ̀ sọ ọ́ di òfin ní 1924. Ní Puerto Rico, kò rí bẹ́ẹ̀. Láàrin funfun àti dúdú, orúkọ wà lóríṣiríṣi: moreno, trigueño, prieto, bí àwọ̀ bá ṣe rí, bí irun bá ṣe lọ́ sí. Nínú ilé kan, ọmọ ìyá kan náà lè jẹ́ mẹ́ta-mẹ́rin nínú àwọn orúkọ yìí. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí ó tàn yín pé ìfẹ́ ló wà níbẹ̀ o. Ní ilẹ̀ Látìn kan náà yìí, àwọn àgbà ṣì ń gba ọmọ níyànjú pé kó fẹ́ ẹni tó funfun jù ú lọ, kí ìran lè "dára sí i." Àwọn méjèèjì ló ń fojú tẹ́ńbẹ́lú dúdú, ọ̀nà tí wọ́n gbà ń ṣe é ni kò jọra.

Inú ibi tí ọ̀nà méjèèjì ti pàdé ni wọ́n bí Piri Thomas sí, ní Harlem ti New York, lọ́dún 1928. Ọmọ Puerto Rico ni ìyá rẹ̀, aláwọ̀ funfun. Ọmọ Kúbà ni bàbá rẹ̀, aláwọ̀ dúdú. Nínú àwọn ọmọ tí wọ́n bí, àwọn kan jọ ìyá. Piri, àkọ́bí, ló jọ bàbá. Ìyẹn nìkan tó ìwé kan láti kọ. Inú ilé, ìyá rẹ̀ fẹ́ràn rẹ̀, ó ń fi orúkọ àwọ̀ rẹ̀ ṣeré ìfẹ́. Ìta ni ọ̀ràn wà.

Ohun àkọ́kọ́ tí mo fẹ́ yin ìwé náà fún ni pé kò wàásù. Piri kò jókòó ṣàlàyé ohun tí àwọ̀ jẹ́ fún wa. Ó ń mú wa rìn láti àdúgbò kan dé òmíràn, a sì ń rí i bí ìbéèrè kan náà ṣe ń yí ohùn padà. Nígbà tí ìdílé rẹ̀ kó lọ sí àdúgbò àwọn ọmọ Ítálì, àwọn ọmọdékùnrin ibẹ̀ dá a dúró lójú ọ̀nà, wọ́n ń jiyàn lójú rẹ̀ bóyá dúdú ni tàbí ọmọ Puerto Rico, bí ẹni pé ẹran ọjà ló dúró níwájú wọn. Nígbà tí bàbá ríṣẹ́ gidi nígbà ogun, tí wọ́n kó lọ sí Long Island níbi tí òyìnbó pọ̀ sí, ọmọ náà rò pé ara ti tu òun. Ọmọbìnrin ilé-ẹ̀kọ́ kan bá a sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Kò pẹ́ ló gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ lẹ́yìn rẹ̀: pé ṣe ló ń fi orúkọ Puerto Rico bojú, nítorí kò lè díbọ́n bí òyìnbó.

Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ iṣẹ́. Piri àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ Louie jọ lọ wá iṣẹ́ ọjà kíkiri láti ilé dé ilé. Ọmọ Puerto Rico ni àwọn méjèèjì, àdúgbò kan náà ni wọ́n ti wá, ṣùgbọ́n Louie funfun. Ọ̀gá ilé iṣẹ́ náà tẹ́ Piri lọ́rùn pẹ̀lú ọ̀rọ̀ dídùn, ó ní àwọn máa pè é. Louie, lójú ẹsẹ̀, wọ́n ní kó máa bọ̀ lọ́jọ́ Ajé. Ṣé ẹ ti rí i báyìí? Bó bá jẹ́ ẹ̀yà ni wọ́n fi ń ṣèdájọ́, ìdájọ́ kan náà ni ì bá jẹ́ tàwọn méjèèjì. Ojú ìwé díẹ̀ yìí ṣàlàyé ìyàtọ̀ àwọ̀ àti ẹ̀yà ju bí olùkọ́ yunifásítì ṣe lè ṣàlàyé rẹ̀ lọ, kò sì lo ọ̀rọ̀ ńlá kankan.

Ibi tí ìwé náà ti dùn mí jù ni inú ilé. Piri sọ fún àbúrò rẹ̀ José pé dúdú ni òun, àti pé dúdú náà ni José bó ti wù kí ara rẹ̀ funfun tó, nítorí bàbá kan ló bí wọn. José ní rárá o, ọmọ Puerto Rico lòun, òun kì í ṣe Nígíró. Ọ̀rọ̀ di ìjà, ọmọ ìyá méjì ń lu ara wọn bí ọ̀tá. Ẹ fojú inú wò ó: ohun tí àwọn ọmọ Ítálì bẹ̀rẹ̀ lójú títì ti wọlé, ó ti jókòó sáàárín ọmọ ìyá.

Lẹ́yìn ìjà yẹn ni bàbá sọ̀rọ̀. Gbogbo ọdún yẹn, ó ti ń lọ́ra, kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni dárúkọ àwọ̀ nínú ilé. Wàyí o, ó jẹ́wọ́ fún ọmọ rẹ̀. Ó ní òun rí ojú tí òyìnbó fi ń wo òun. Nítorí náà, bí òun bá ń sọ Gẹ̀ẹ́sì, òun a mọ̀ọ́mọ̀ jẹ́ kí ohùn Sípáníìṣì wúwo nínú rẹ̀, kí wọ́n lè mọ̀ pé òun kì í ṣe Nígíró Amẹ́ríkà.

Ẹ̀yin ará, mi ò mọ ibòmíràn tí wọ́n ti kọ irú ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ láìfi bò. Àwọn kan a máa pa ara bó, àwọn kan a máa na irun. Ohùn ni bàbá yìí fi bo àwọ̀ mọ́lẹ̀. Kò pa irọ́: ọmọ erékùṣù tó ń sọ Sípáníìṣì ni lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ó mú òtítọ́ kan, ó fi ṣe aṣọ ìbora fún òtítọ́ kejì. Ẹ̀yà rẹ̀ di ibi ìsápamọ́ sí. Ta ló wá san gbèsè náà? Ọmọ tó jọ ọ́ ni. Ohùn ọmọ yẹn kò wúwo, Gẹ̀ẹ́sì New York ló ń bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Àwọ̀ bàbá ló jogún, kò jogún ibi ìsápamọ́ sí rẹ̀.

Láti ibẹ̀ ni Piri ti gbéra lọ sí gúúsù Amẹ́ríkà, pẹ̀lú ọ̀rẹ́ rẹ̀ Brew, dúdú Amẹ́ríkà pọ́ńbélé. Ó fẹ́ lọ fojú ara rẹ̀ rí ohun tó ń jẹ́ dúdú. Ìmọ̀ràn Brew kò ṣòro láti lóye: ojú ẹni tó ń fìyà jẹ ọ́ ló ń sọ ohun tí o jẹ́, bí o bá ń sọ Sípáníìṣì láti àárọ̀ dalẹ́, bí ọlọ́pàá òyìnbó bá dé, dúdú ni ọ́. Lójú ọ̀nà, wọ́n pàdé ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Gerald. Ẹ̀jẹ̀ dúdú díẹ̀ ló wà lára rẹ̀, ara rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń kọ ìwé nípa àwọn dúdú ìhà gúúsù. Òun ní tirẹ̀ sọ pé ẹ̀tọ́ òun ni láti yan ohun tí òun máa jẹ́, kò sẹ́ni tó lè fi ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ so òun mọ́lẹ̀.

Ọ̀pọ̀ òǹkàwé máa ń yára dá Gerald lẹ́bi. Mo rò pé ìwé náà gbọ́n jù bẹ́ẹ̀ lọ. Piri bínú sí i, ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ Gerald jọ ti òun fúnra rẹ̀, nítorí ọdún mélòó kan ni òun náà ti fi pariwo pé ọmọ Puerto Rico lòun kí wọ́n má bàa pè é ní dúdú. Ìyàtọ̀ tó wà láàrin wọn ni pé ara Gerald gbà á láyè láti yàn, ti Piri kò gbà á. Níbí ni àṣírí ọ̀rọ̀ náà ti tú: ẹ̀yà lè jẹ́ ohun tí ènìyàn ń sọ nípa ara rẹ̀, ṣùgbọ́n àwọ̀, ní Amẹ́ríkà yẹn, àwọn ẹlòmíràn ló ń sọ ọ́ fúnni. Brew gbé ọ̀kan dání, Gerald gbé èkejì dání, ìdajì òtítọ́ ló sì wà lọ́wọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó yá, Brew kò padà sínú ọkọ̀ ojú omi mọ́, Piri kò sì mọ ohun tó ṣe é. Ìwé náà kò fún wa ní ìdáhùn, mo sì gbà pé bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Ẹni tó dá a lójú jù pé òun mọ ohun tó ń jẹ́ dúdú ni ilẹ̀ àwọn dúdú yẹn gbé mì.

Lẹ́yìn ìrìn àjò náà, Piri ṣubú. Oògùn olóró mú un, ó di adigunjalè, ó yìnbọn lu ọlọ́pàá, ọta sì ba òun náà. Ọdún méje ló lò lẹ́wọ̀n.

Ó yẹ kí n sọ àwọn ibi tí ìwé náà kù sí, nítorí àgbéyẹ̀wò tí kò lámì ìbáwí, oríkì ni.

Àkọ́kọ́, àwọn obìnrin. Ìyá jẹ́ ẹni mímọ́, àwọn tó kù kò fi bẹ́ẹ̀ lẹ́nu ọ̀rọ̀. Ìyá yìí, obìnrin funfun tó fẹ́ ọkọ dúdú, tó bí ọmọ dúdú àti ọmọ funfun, kí ló ń rò nígbà tí àwọn ọmọ rẹ̀ ń fi àwọ̀ lu ara wọn? Ìwé náà jẹ́ ká gbọ́ ẹkún rẹ̀, kò jẹ́ ká gbọ́ èrò rẹ̀ tó. Àdánù ńlá ni.

Èkejì, Kúbà. Ọmọ Kúbà ni bàbá, ṣùgbọ́n Puerto Rico ni gbogbo ilé ń pe ara rẹ̀, ọ̀rọ̀ Kúbà kò sì ráyè jókòó. Àwa tí a mọ ohun tí Kúbà gbé pa mọ́ láti ilẹ̀ wa, a ó fẹ́ mọ̀ bóyá bàbá yẹn ní ìyá àgbà kan tó ń kọrin ní èdè kan tí kò yé àwọn ọmọ. A ò ní mọ̀ láéláé.

Ẹ̀kẹta ló wúwo jù. Nínú ìwé yìí, dúdú túmọ̀ sí ìyà. Èébú ni, ilẹ̀kùn tí wọ́n tì ni, ìgbámú ọlọ́pàá ni. Bí Piri bá ń sọ pé dúdú lòun, ó dà bí ẹni tó gbà láti ru ẹrù. Kò sí ìtàn níbẹ̀, kò sí ayọ̀, kò sí ogún. Bẹ́ẹ̀, ní Harlem kan náà yẹn, ọkùnrin kan ti wà ṣáájú rẹ̀ tó rí i lọ́nà mìíràn: Arturo Schomburg, ọmọ Puerto Rico aláwọ̀ dúdú, tí wọ́n bí ní 1874, tó dé New York ní 1891. Nígbà tó wà lọ́mọdé, olùkọ́ kan sọ fún un pé àwọn dúdú kò ní ìtàn. Gbogbo ayé rẹ̀ ló fi ń kó ìwé jọ láti fi dá olùkọ́ yẹn lóhùn. Ní 1926, wọ́n ra àwọn ìwé náà fún ilé ìkàwé ìlú New York, orúkọ rẹ̀ ló sì wà lára ilé ìkàwé náà ní Harlem títí dòní. Ọmọ Puerto Rico ni Schomburg, dúdú ni, kò rí ìdí tí ọ̀kan yóò fi lé èkejì jáde. Bí ẹ bá ka ìwé Piri tán, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá ìtàn Schomburg kà. Ọ̀kan ń fi ọgbẹ́ hàn yín, èkejì ń fi ogún hàn yín. A ò lè dá Piri lẹ́bi jù. Ohun tí ọmọ ìta mọ̀ ló kọ. Ṣùgbọ́n àwa tí a ń kà á kò gbọdọ̀ rò pé ìyẹn nìkan ló wà.

Ní ti èdè inú ìwé náà, bí àdúgbò ṣe ń sọ̀rọ̀ ló ṣe kọ ọ́: Gẹ̀ẹ́sì tó lu Sípáníìṣì pọ̀, pẹ̀lú ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ lẹ́yìn ìwé. Torí ọ̀rọ̀ rírùn inú rẹ̀, ìgbìmọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ kan ní Long Island yọ òun àtàwọn ìwé mìíràn kúrò ní ilé ìkàwé ní 1976. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ pe ẹjọ́, ẹjọ́ náà sì dé ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà, tí wọ́n dá a ní 1982 lọ́nà tó gbe àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Èmi ò ní kí ẹ gbé e fún ọmọdé. Àgbàlagbà tó bá sì lè ka ìtàn Ámúnónì àti Támárì nínú Bíbélì láìdijú lè ka èyí.

Ẹ lè rò pé ọ̀rọ̀ 1967 ti lọ. Kò lọ o. Nínú ètò ìkànìyàn Amẹ́ríkà, láti 1980 ni wọ́n ti ń bi gbogbo ènìyàn ní ìbéèrè méjì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀: àkọ́kọ́, ṣé ọmọ ilẹ̀ Látìn ni ọ́? Èkejì, kí ni àwọ̀ rẹ? Ní oṣù Kẹta ọdún 2024, ìjọba àpapọ̀ gbé ìlànà tuntun jáde pé kí wọ́n pa méjèèjì pọ̀ di ìbéèrè kan, kí ẹni tó bá fẹ́ máa fa àmì sí ju ibì kan lọ.

Àwọn tó fara mọ́ ọn ní ìdí. Nígbà ìkànìyàn 2020, nínú 62.1 mílíọ̀nù ènìyàn tó ní ọmọ ilẹ̀ Látìn làwọn, ó lé ní 26 mílíọ̀nù tó wo gbogbo àwọ̀ tí wọ́n tò sílẹ̀, tí wọ́n wá fa àmì sí "àwọ̀ mìíràn" nìkan. Ìbéèrè tí ọ̀pọ̀ ènìyàn bẹ́ẹ̀ kò rí ara wọn nínú rẹ̀ kò sunwọ̀n. Ṣùgbọ́n àwọn Afro-Latino tó tako ìlànà náà ń sọ pé: bí ẹ bá to "Látìn" àti "dúdú" sórí ìlà kan bí ẹni pé ẹgbẹ́ ara wọn ni wọ́n, ọ̀pọ̀ máa fa àmì sí Látìn, wọ́n á sì lọ. A ò ní mọ mọ́ bóyá Louie àti Piri ń gba owó oṣù kan náà, bóyá ilé tí wọ́n ń háyà fún ọ̀kan ni wọ́n ń háyà fún èkejì.

Lójú tèmi, ìwé Piri ti dá ẹjọ́ yìí ṣáájú. Ìbéèrè méjì ni lóòótọ́. Ẹ̀yà ń béèrè pé: kí ni àwọn òbí rẹ fi lé ọ lọ́wọ́? Àwọ̀ ń béèrè pé: kí ni ayé ń ṣe sí ọ bí wọ́n bá rí ọ? Bí wọ́n bá fi ìdáhùn ọ̀kan dí ẹnu èkejì, ohun tí bàbá Piri ṣe náà ni wọ́n ń ṣe, àfi pé ìjọba ló ń ṣe é báyìí. Àwọn tó ń ṣèwádìí ní Pew Research Center sọ ní 2022 pé nǹkan bí mílíọ̀nù mẹ́fà àgbàlagbà ní Amẹ́ríkà ló ń pe ara wọn ní Afro-Latino. Mílíọ̀nù mẹ́fà Piri kì í ṣe kékeré.

Ẹ jẹ́ ká wá padà sí ilé tiwa. Ọmọ wa tó bá dé Houston tàbí Atlanta, ọjọ́ tó bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀ òfuurufú ló di dúdú. Níbí, ọmọ Ìjẹ̀bú ni, ọmọ Ìgbómìnà ni. Níbẹ̀, ọlọ́pàá kò mọ Ìgbómìnà. Kí wá ni ìmọ̀ràn tí a ń fún wọn lórí fóònù? "Má bá àwọn akátá rìn o. Jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé ọmọ Nàìjíríà ni ọ́. Jẹ́ kí ohùn rẹ hàn." Họ́wù! Ohùn bàbá Piri kọ́ nìyẹn? Ìfẹ́ ló ń mú wa sọ ọ́, mo mọ̀. Ìfẹ́ ló ń ṣe bàbá yẹn náà. Ṣùgbọ́n ẹ ronú kan ọmọ-ọmọ tí wọ́n máa bí sọ́hùn-ún, tí ohùn tirẹ̀ kò ní wúwo mọ́, tí àwọ̀ rẹ̀ yóò sì wà bẹ́ẹ̀. Bó bá ti kọ́ láti inú ilé pé àwọn dúdú Amẹ́ríkà jẹ́ ẹni ìtìjú, kí ló máa rò nípa ara rẹ̀ lọ́jọ́ tí ayé bá pè é ní ọ̀kan nínú wọn?

Mi ò ní kí wọ́n ju Yorùbá nù. Ẹ kọ́ wọn lédè, ẹ kọ́ wọn ní oríkì, ẹ jẹ́ kí wọ́n jẹ ẹ̀kọ kí wọ́n sì mọ ilé baba wọn. Ohun tí mò ń sọ ni pé kí ẹ̀yà jẹ́ ogún, kó má ṣe di aṣọ ìbora. Nínú ìjọ Áńtíókù tí Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì sọ̀rọ̀ rẹ̀, olùkọ́ kan wà tí wọ́n ń pè ní Síméónì, tí wọ́n tún ń pè ní Nígérì, ìyẹn dúdú. Orúkọ Júù rẹ̀ wà níbẹ̀, orúkọ àwọ̀ rẹ̀ wà níbẹ̀, iṣẹ́ ìkọ́ni rẹ̀ wà níbẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò ní kó fi ọ̀kan bo ọ̀kan kó tó jókòó pẹ̀lú wọn.

Piri fúnra rẹ̀ wá irú ìjókòó bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn tó jáde lẹ́wọ̀n, ó bá àǹtí rẹ̀ lọ sí ìjọ Pẹ́ńtíkọ́sì, ó sì ń bá àwọn ọmọ ìta ṣiṣẹ́. Ó kọ ọ́ sínú ìwé mìíràn tó jáde ní 1972, "Savior, Savior, Hold My Hand." Ó rí àánú níbẹ̀. Ó sì tún rí àwọn onígbàgbọ́ òyìnbó tó ń fi àwọ̀ wọn ènìyàn, bí àwọn tó wà níta ṣe ń ṣe. Ìwé kejì yìí kò lágbára tó ti àkọ́kọ́ ní ti ìtàn, ṣùgbọ́n ó yẹ kí àwọn tó ń darí ìjọ kà á, nítorí ó béèrè ohun tí kò yẹ ká yẹra fún: bí ẹni tí wọ́n ti lé ní gbogbo ilẹ̀kùn bá wọ ilé Ọlọ́run, ṣé yóò lè fi ohùn ara rẹ̀ sọ̀rọ̀ níbẹ̀?

Nítorí náà, ìdájọ́ mi nìyí. Ẹ ka "Down These Mean Streets" bí ẹ bá jẹ́ òbí tó lọ́mọ lókè òkun, bí èdè rẹ̀ tiẹ̀ korò lẹ́nu. Ẹ ka ìjẹ́wọ́ bàbá yẹn lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́yìn náà, kí ẹ tó tún tẹ fóònù sí ọmọ yín, ẹ kọ́kọ́ ro ohun tí ẹ fẹ́ fi lé e lọ́wọ́ nípa àwọn dúdú tó bá níbẹ̀, nítorí àwọn ọmọ tí yóò bí yóò jogún ọ̀rọ̀ yẹn pẹ̀lú àwọ̀ yín.